Sọ̀wédowó Láàárín Eruku

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1887, ìwé òfin kan dé orí tábìlì Grover Cleveland, Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọ̀dá ti jó oko àwọn ará Texas gbẹ, àwọn aṣòfin sì ní kí ìjọba yọ 10,000 dọ́là láti fi ra irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀ tí kò ní ohun tí wọn yóò gbìn mọ́. Cleveland kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Èsì tó fún wọn ni pé òun kò rí ibi tí òfin ilẹ̀ ti gba òun láyè láti fi owó gbogbogbòò gbọ́ bùkátà ẹnikẹ́ni. Ará ìlú ló yẹ kó máa gbé ìjọba ró, kì í ṣe ìjọba ló yẹ kó máa gbé ará ìlú ró. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, ilé aṣòfin yẹn kan náà ya owó tó súnmọ́ bílíọ̀nù 31 dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ nínú òfin ẹyọ kan ṣoṣo. Bí orílẹ̀-èdè kan ṣe rìn láti ibi ti àkọ́kọ́ dé ibi ti ìkejì ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó sí Washington sọ ọ́. Owó náà kì í dúró sí Washington. Inú county ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in, ibẹ̀ náà la ti ń mọ ẹni tó jẹ ẹ́ àti ẹni tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ lásán ló gbọ́.

County ni ẹ̀ka ìjọba tó súnmọ́ ará oko jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ kà á sí ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Èyí tí ọkàn mi fà sí ni Cimarron, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Oklahoma. Kò sí county mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tó bá ìpínlẹ̀ mẹ́rin mìíràn pààlà bí tirẹ̀: Colorado, Kansas, New Mexico àti Texas ló yí i ká. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, òjò kì í pọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í sinmi. Láyé àtijọ́, àwọn Comanche ló ń dọdẹ ẹfọ̀n lórí koríko rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn kúrò, ilẹ̀ náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìpínlẹ̀ kankan tó gbà pé òun ló ni ín, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Ilẹ̀ Aláìlólúwa. Ọdún 1890 ni wọ́n tó fi kún Oklahoma.

Boise City ni olú ìlú county náà, ìtàn bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ sì yẹ ní gbígbọ́. Ní ọdún 1908, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ tẹ ìwé jáde káàkiri Amẹ́ríkà. Nínú ìwé náà, títì dán gbọrọrọ, igi tò lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan àti ìkejì, omi sì ń tú jáde láti inú kànga. Àwọn ènìyàn sanwó, wọ́n di ẹrù, wọ́n wọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, koríko ni wọ́n bá, àti òpó kéékèèké tí wọ́n fi pààlà ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá àwọn tó ta ilẹ̀ náà lẹ́bi, wọ́n sì lọ sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí wọ́n tàn jẹ náà, àwọn kan kò padà sílé. Wọ́n dúró, wọ́n kọ́ ìlú náà.

Òfin ìjọba ló tún kó àwọn yòókù wá. Láti ọdún 1862 ni wọ́n ti ń fún ẹni tó bá lè gbé orí ilẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kó sì dáko níbẹ̀, ní 160 éékà láìgbowó. Ní 1909 wọ́n sọ ọ́ di 320 ní àwọn ibi tí òjò kò ti pọ̀. Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó parí, ìjọba ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé búṣẹ́ẹ̀lì àlìkámà kan kò ní wálẹ̀ ju dọ́là méjì lọ. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní túlẹ̀? Katakata dé, koríko tó ti di ilẹ̀ mú láti ọjọ́ aláyé ti dáyé sì fà tu. Nígbà tó di ọdún 1931, àlìkámà so bí ẹni pé kò ní tán. Ọjà kún, kò sẹ́ni tó rà á. Búṣẹ́ẹ̀lì kan kò pé 40 sẹ́ǹtì mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tún ilẹ̀ púpọ̀ sí i tú kí wọ́n lè rí owó san gbèsè. Ìgbà yẹn gan-an ni òjò dá.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ọwọ́ tí Cleveland fún pinpin. Ní 1918, Ààrẹ Woodrow Wilson yọ mílíọ̀nù 5 dọ́là nínú owó ogun láti fi yá àwọn àgbẹ̀ àlìkámà ní irúgbìn. Ẹ̀yáwó ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Orí èyí ni Ààrẹ Herbert Hoover náà dúró lé nígbà tí ọ̀dá ńlá jà ní 1930: wọ́n ya mílíọ̀nù 45 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi yá àgbẹ̀ ní irúgbìn àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, wọn kò fi ti ènìyàn sí i. Ìjọba Hoover gbà pé kí a yá àgbẹ̀ lówó láti bọ́ ìbaaka rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kí a fún un ní ohun tí yóò fi bọ́ ọmọ rẹ̀, ìyẹn ti di ìtọrẹ àánú, Red Cross ni kó lọ bá. Àwọn Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1931, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àgbẹ̀ já wọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ England, ní Lonoke County, ìpínlẹ̀ Arkansas. Fọ́ọ̀mù tí Red Cross fi ń pín oúnjẹ ti tán, wọn kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn àgbẹ̀ náà sọ pé bí wọn kò bá fún àwọn, àwọn yóò fi ọwọ́ ara àwọn mú un ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníṣòwò fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ìròyìn rẹ̀ kan gbogbo Amẹ́ríkà, ó sì ba àwọn tó wà ní Washington lẹ́rù.

Franklin Roosevelt dé orí oyè ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1933. Ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí, ó fọwọ́ sí òfin méjì lọ́jọ́ kan náà: ọ̀kan fún ìrànwọ́ pàjáwìrì fún àwọn tí ebi ń pa, ìkejì fún àtúntò iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìkejì yìí, tí wọ́n ń pè ní AAA, ló yí gbogbo nǹkan padà. Ohun tí Henry Wallace, akọ̀wé ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀, rò ni pé irè tó pọ̀ lápọ̀jù ló pa ọjà. Bí àgbẹ̀ bá dín oko rẹ̀ kù, ìjọba yóò sanwó ohun tí kò gbìn fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ àlìkámà àti àwọn tó ń rànwú ni owó náà ti wá, 30 sẹ́ǹtì orí búṣẹ́ẹ̀lì àlìkámà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òwú ti yọ ní oko kí òfin tó jáde, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n tu èyí tó wà lórí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 éékà dànù. Wọ́n tún pa ẹlẹ́dẹ̀ mílíọ̀nù 6. Àwọn ènìyàn ń tò fún búrẹ́dì nínú ìlú ńlá, ìjọba sì ń sanwó kí ẹran má dé ọjà. Inú bí ará ìlú gidigidi, ó sì tọ́ kí ó bí wọn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ra irè tó ṣẹ́kù, tí yóò sì máa pín in fún àwọn tí ebi ń pa.

Ọgbọ́n kan wà nínú òfin náà tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Washington kò mọ ẹni tó gbin èéló ní Cimarron, kò sì lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ county kọ̀ọ̀kan dìbò yan ìgbìmọ̀ láàárín ara wọn. Ìgbìmọ̀ yìí ni yóò wo iye tí olúkúlùkù ń gbìn ní àwọn ọdún tó ti kọjá, òun ni yóò pín ìpín fún un, òun ni yóò sì wọn oko rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó dín in kù ní tòótọ́. Ní ti àlìkámà, wọ́n tiẹ̀ ń tẹ orúkọ àgbẹ̀ àti iye tó pè sínú ìwé ìròyìn àdúgbò, kí aládùúgbò lè kà á, kí ẹni tó bá parọ́ lè tijú. Èrò náà dára. Ta ló mọ ilẹ̀ bí ẹni tó ń rìn ín? Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń wọlé ìdìbò báyìí lágbègbè oko ni àwọn tó ní ilẹ̀ púpọ̀, tí báńkì mọ̀, tí ẹnu wọn ń tólẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ilẹ̀ ni òfin sì ń wò. Òfin kò béèrè ibi tí àgbẹ̀ ń sùn. Cimarron kún fún àwọn tí wọ́n ń pè ní àgbẹ̀ alápótí ìrìn-àjò, tí wọ́n á wá gbin àlìkámà, tí wọ́n á lọ, tí wọ́n á tún padà wá kórè rẹ̀.

Ní 1934, koríko tán, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìjọba ya mílíọ̀nù 525 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí ọ̀dá, wọ́n ń kéde county lọ́kọ̀ọ̀kan pé pàjáwìrì ti dé bá a, county tí wọ́n bá sì ti kéde ni wọn yóò ti máa ra màlúù. Èyí tó dára jù kò gbà ju 20 dọ́là lọ. Wọ́n pín owó náà sí ọ̀nà méjì. Apá kan jẹ́ iye owó ẹran, báńkì tó yá àgbẹ̀ lówó ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i kí ó tó kan ẹlòmíràn. Apá kejì jẹ́ ti àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, olówó kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nínú gbogbo òfin ìrànwọ́ tí mo mọ̀, ìlà yìí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí owó tó bá bá gbèsè pàdé lójú ọ̀nà. Màlúù tó lókun láti rìn, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹran inú agolo fún àwọn aláìní. Èyí tó ti rù kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n yìnbọn fún un níbẹ̀, wọ́n sì sin ín, lójú ẹni tó sìn ín dàgbà. Àwọn màlúù tí wọ́n rà lọ́nà yìí ní gbogbo Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 8.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù Igbe ọdún 1935, ìkùukùu dúdú kan yọ láti àríwá, ó ga bí òkè, ó sì sọ ọ̀sán di òru. Akọ̀ròyìn Robert Geiger wà ní agbègbè náà. Ìròyìn tó fi ránṣẹ́ láti Guymon, ní county tó múlé ti Cimarron, lọ́jọ́ kejì ló fún gbogbo ilẹ̀ náà ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, Dust Bowl, àwo eruku. Kí oṣù náà tó parí, Hugh Bennett, tó ti ń pariwo láti ọdún pípẹ́ pé ilẹ̀ ń ṣí lọ, rí òfin ìtọ́jú ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń sanwó fún àgbẹ̀ tó bá kọ ebè rẹ̀ ní ìbú kí afẹ́fẹ́ má bàa rí ọ̀nà, àti ẹni tó bá dá koríko padà sí ibi tó ti tu ú.

Ní oṣù Igbe 1936, Arthur Rothstein, ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, ya àwòrán kan ní Cimarron County tí ó lọ káàkiri ayé. Bàbá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ń sáré kọjá níwájú ahéré tí eruku ti bò dé ìdajì. Èyí àbúrò ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fi apá bo ojú. Ìdí tí ìjọba fi rán ayàwòrán jáde kò ṣòro láti mọ̀: àwọn ará ìlú ńlá ló ń san owó orí, ó sì yẹ kí wọ́n rí ohun tí owó wọn ń lọ ṣe. Àwọn ènìyàn 5,408 ni wọ́n kà ní county náà ní 1930. Ní 1940 wọ́n ku 3,654. Kò sí ẹni tó lè sọ pé sọ̀wédowó mú gbogbo ènìyàn dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dúró, òun ni wọ́n fi ra ìyẹ̀fun.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Arkansas, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ orí ilẹ̀ ti burú jù. Ní oko òwú, ẹni tó ń ro oko kọ́ ló ni ín. Àwọn ìdílé dúdú àti funfun ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, wọ́n ń bá onílẹ̀ pín irè, ìṣákọ́lẹ̀ tó wúwo ju èyíkéyìí tí a mọ̀ lọ. Nígbà tí owó AAA dé, ọwọ́ onílẹ̀ ni sọ̀wédowó bọ́ sí. Òfin ní kí ó fún àwọn tó ń bá a dáko nínú rẹ̀, ìpín tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún wọn sì kéré. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kò tilẹ̀ fún wọn ní èyí tó kéré náà. Oko sì ti dín kù, onílẹ̀ kò nílò gbogbo wọn mọ́. Ó lé wọn, ó fi owó ìjọba ra katakata. Báyìí ni owó tí wọ́n pè ní ìrànwọ́ ṣe lé àwọn tó tòṣì jù kúrò nílé. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1934, àwọn dúdú àti funfun jọ pàdé nítòsí Tyronza, ní Poinsett County, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀, Southern Tenant Farmers' Union. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà nígbà yẹn, kí àwọ̀ méjèèjì jókòó sínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹ̀mí ni wọ́n fi wewu. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n yìnbọn sí ilé wọn. Ní Washington, àwọn agbẹjọ́rò kan nínú AAA, tí Jerome Frank ṣáájú wọn, túmọ̀ òfin náà pé onílẹ̀ tó bá gba owó kò gbọdọ̀ lé ẹni tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 1935, wọ́n lé Frank àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò níṣẹ́. Wallace fọwọ́ sí i. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n pinnu ẹni tí ìrànwọ́ oko Amẹ́ríkà yóò máa jẹ́ tirẹ̀.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé AAA ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1936. Kò pé oṣù méjì tí àwọn aṣòfin fi sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, pé owó ìtọ́jú ilẹ̀ ni, sọ̀wédowó sì ń lọ. Ọdún 1938 mú òfin tuntun wá àti ilé iṣẹ́ adójútòfò ìjọba fún àlìkámà. Ogun dé, òjò dé, àlìkámà tún gbówó, àwọn ènìyàn tún túlẹ̀. Ọ̀dá padà ní àwọn ọdún 1950. Ààrẹ Eisenhower fúnra rẹ̀ lọ wo ilẹ̀ náà ní 1957. Ní 1973 wọ́n sọ owó àjálù di ohun tí àgbẹ̀ lè retí lọ́dọọdún, ní 1980 wọ́n ní kí adójútòfò gba ipò rẹ̀, ọ̀dá 1988 dé, wọ́n sì tún yọ bílíọ̀nù dọ́là tó súnmọ́ 4. Ìjọba ló ń san nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó adójútòfò náà fún àgbẹ̀ báyìí, síbẹ̀ bí àjálù bá ti wúwo díẹ̀, òfin pàjáwìrì mìíràn á tún jáde.

Ìgbìmọ̀ county ń bá iṣẹ́ lọ ní gbogbo àsìkò yìí, ní Gúúsù sì rèé, àwọn funfun ló kún un. Òun ló ń pín ìpín òwú, ẹ̀yáwó pàjáwìrì náà sì ní ìgbìmọ̀ county tirẹ̀, àwọn funfun ló kún ìyẹn pẹ̀lú. Ní 1964, àwọn ọ̀dọ́ SNCC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, ní Mississippi rí i pé ìdìbò ìgbìmọ̀ àgbẹ̀ yìí ṣe pàtàkì bíi ti Ààrẹ, wọ́n sì ń rọ àwọn àgbẹ̀ dúdú láti du ipò náà. Àgbẹ̀ dúdú tó béèrè owó irúgbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lè máà rí i gbà títí àkókò gbígbìn á fi kọjá. Ní 1920, àwọn àgbẹ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 926,000 ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1997, wọn kò tó 20,000. Ọ̀pọ̀ ìdí ló wà fún un, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ dé ilé ẹjọ́: nínú ẹjọ́ Pigford tí àwọn àgbẹ̀ dúdú pe ìjọba, tí wọ́n fi àdéhùn parí ní 1999, àwọn tó lé ní 15,000 nínú wọn gba owó gbà-máà-bínú, 50,000 dọ́là fún ọ̀pọ̀ jùlọ wọn. Láti 1983 ni wọ́n ti ti ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn wọn pa. Fún ọdún mẹ́tàlá, lẹ́tà ń dé, kò sẹ́ni tó ń wádìí rẹ̀.

Nígbà tí Donald Trump bá China jà lórí owó ibodè ní 2018, ẹ̀wà sóyà kò rí olùrà, ìjọba sì kéde bílíọ̀nù 12 dọ́là fún àwọn àgbẹ̀, ó tún fi bílíọ̀nù 16 kún un ní 2019. Ti ìkejì yìí, county ni wọ́n fi wọn ọ́n: olúkúlùkù county ní iye tirẹ̀ lórí éékà kan, láti 15 dọ́là dé 150. Oko méjì tí títì kan ṣoṣo là láàárín, tí irè wọn jẹ́ ọ̀kan náà, lè gba owó tó yàtọ̀ síra nítorí ààlà county gba ojú títì náà kọjá. Kòrónà dé ní 2020, owó tí ìjọba san tààrà fún àwọn àgbẹ̀ lọ́dún náà lé ní bílíọ̀nù 45. Nígbà tó di 2021, àwọn aṣòfin ní kí wọ́n san gbèsè àwọn àgbẹ̀ dúdú àtàwọn mìíràn tí wọ́n ti rẹ́ jẹ; àwọn àgbẹ̀ funfun pe ẹjọ́ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, adájọ́ dá owó náà dúró, wọ́n sì pa òfin náà rẹ́ ní 2022. Òmíràn tí kò dárúkọ àwọ̀ kankan ló gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 2024, àwọn tó lé ní 43,000 gba bílíọ̀nù 2 dọ́là, àwọn ará Mississippi àti Alabama ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní Cimarron, àwọn ènìyàn 2,296 ló kù nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2020. Máàpù ọ̀dá kan wà tí ó máa ń jáde ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti ọdún 1999, òun ni wọ́n sì fi ń pín owó ọ̀dá báyìí. Lábẹ́ òfin tó jáde ní 2014, títí di ọdún 2025, bí àwọ̀ ọsàn, tó ń fi ọ̀dá líle hàn, bá wà lórí county fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ léraléra ní àsìkò koríko, ìjọba máa ń san owó oúnjẹ ẹran oṣù kan fún ẹni tó ń sin màlúù. Bí ó bá di pupa, ó di owó oṣù mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò ní láti bẹ Ààrẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹni náà tó gba kọ́bọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà oko, kó sì tó gba nọ́ńbà, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé òun ló ni ilẹ̀ tàbí pé òun yá a. Ní Gúúsù, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dúdú ló ń dáko lórí ohun tí àwa ń pè ní ilẹ̀ ẹbí: bàbá àgbà rà á, ó kú láìkọ ìwé ogún, àwọn ọmọ àtàwọn ọmọ ọmọ jọ ni ín, orúkọ olóògbé ló ṣì wà lórí ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń ro irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í ṣe àgbẹ̀ lójú ọ́fíìsì county. Ọdún 2018 ni òfin tó gbà pé irú wọn lè mú ẹ̀rí mìíràn wá, ìwé owó orí ilẹ̀, tàbí ohun mìíràn tó fi hàn pé àwọn ló wà nídìí oko náà.